Gbígbin sẹ́ẹ̀lì imú sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn

Gbígbin sẹ́ẹ̀lì imú sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣì ń dán wò fún ẹni tí ìjàǹbá sọ di arọ. Inú mùdùnmúdùn yìí ni okùn iṣan tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún ara gbà kọjá. Bí wọ́n bá já, àpá á bo ojú ọgbẹ́, wọn kì í sì í hù kọjá rẹ̀.

Ti imú yàtọ̀. Bí iṣan tí a fi ń gbóòórùn ti ń kú ni tuntun ń hù, tó sì ń ráyè wọnú ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì kan ló ń bò ó lára, tó ń sìn ín wọlé. Geoffrey Raisman ṣàpèjúwe rẹ̀ ní London ní 1985. Ní 1997, òun àti Ying Li gbìn ín sára eku tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti kú. Eku náà tún nawọ́ mú oúnjẹ.

Ní Brisbane, Australia, wọ́n gbìn ín sára ènìyàn mẹ́ta. Ìròyìn 2008 sọ pé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò pa wọ́n lára, kò sì gbé wọn dìde. Ní Beijing, Huang Hongyun fi sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ṣe é fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó tọpa méje nínú wọn kò rí àǹfààní gidi. Àrùn yírùnyírùn tilẹ̀ mú àwọn kan.

Iṣẹ́ abẹ tó lókìkí jù wáyé ní Wrocław, Poland, ní 2012. Wọ́n ti gún ọkùnrin kan lọ́bẹ lẹ́yìn ní 2010. Paweł Tabakow la agbárí rẹ̀, ó yọ ọ̀kan nínú kókó ọpọlọ méjì tó ń gba òórùn, ó sì mú kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ sí i. Ó fi abẹ́rẹ́ fín in sókè àti sísàlẹ̀ ọgbẹ́ nígbà bí ọgọ́rùn-ún, ó sì fi iṣan mẹ́rin tó gé ní ọrùn ẹsẹ̀ ṣe afárá lórí àlàfo mìlímítà 8. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2014, ọkùnrin náà ti ń fi férémù ìrìn rìn.

Ṣé sẹ́ẹ̀lì ló ṣe é? Kò tíì dájú. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò já nínú mùdùnmúdùn rẹ̀, eré ìdárayá tó ń ṣe sì le gan-an; ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Àwọn Raisman, tó bá Tabakow ṣiṣẹ́, ní tiwọn ní ọkùnrin náà ti ń ṣe eré ìdárayá yẹn fún oṣù púpọ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, láìrí ìyàtọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ṣùgbọ́n kò tó fi parí ẹjọ́.

Àwọn mìíràn ń lo oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, pàápàá ní Yunifásítì Keio ní Japan. Raisman kú ní 2017. Yunifásítì Griffith ní Brisbane ti tún gbé sẹ́ẹ̀lì imú yẹ̀ wò nínú ìwádìí tuntun, tí àwọn kan yóò ti ṣe eré ìdárayá nìkan, láìgba sẹ́ẹ̀lì.