Inú Àpótí Ìbò ni Ìpakúpa Colfax Ti Ṣẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní 2021, pátákó ìjọba kan wà nílùú Colfax, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, tó ń sọ pé rògbòdìyàn ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1873, àti pé òun ló fòpin sí ìṣèjọba burúkú àwọn àjèjì láti Àríwá. Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé àwọn adúláwọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Irọ́ gbáà ni.

Ìbò gómìnà oṣù kọkànlá ọdún 1872 ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. William Pitt Kellogg ni àwọn adúláwọ̀ tì lẹ́yìn. John McEnery ni ti ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat. Ìgbìmọ̀ tó ń ka ìbò pín sí méjì, oníkálukú sì kéde ẹni tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1873, àwọn méjèèjì ti búra bíi gómìnà. Kellogg ni Grant, Ààrẹ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí.

Ìjà náà dé Grant Parish, níbi tí Colfax wà. Àwọn aláṣẹ tí Kellogg yàn wọ ilé ẹjọ́. Àwọn ará McEnery ní dandan, àwọn ló ni àṣẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, àwọn aláwọ̀ funfun yìnbọn pa Jesse McKinney, àgbẹ̀ adúláwọ̀, nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ìdílé adúláwọ̀ rọ́ wá sí Colfax láti wá ààbò. Ta ló wá bẹ̀rẹ̀ ìjà?

Ní Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 13 oṣù náà, Christopher Columbus Nash, ọ̀kan lára àwọn ará McEnery, kó àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra wá pẹ̀lú ìbọn àgbá. Wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́, nígbà tó sì di òru, wọ́n yìnbọn pa àwọn tó ti juwọ́ sílẹ̀. Aláwọ̀ funfun mẹ́ta ló kú. Adúláwọ̀ tó kú lé ní àádọ́ta.

Àwọn kan ń wí pé èrú wà nínú ìbò náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èrú ìbò kò sọ pípa ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀ di ẹ̀tọ́. Ní 1876, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fagi lé ẹ̀bi àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́ta tí wọ́n ti dá lẹ́bi lórí ìpakúpa náà, ó ní òfin ìjọba àpapọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni olè ṣe mú olóko.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú dìbò, wọ́n sì dúró ti ìbò wọn. Ìdí tí wọ́n fi pa wọ́n nìyẹn, òun ló sì yẹ kí gbogbo pátákó máa sọ.