Bíréèkì tó ń pariwo tàbí tó ń di táyà mú: ohun tí awakọ̀ lè yẹ̀ wò nílé

Bíréèkì, ìyẹn ìjánu ọkọ̀, kì í sábà ṣàdédé kọṣẹ́. Kó tó já èèyàn kulẹ̀, yóò ti pariwo, yóò ti gbóná, tàbí kó máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Awakọ̀ tó bá mọ ìtumọ̀ àmì wọ̀nyí yóò mọ èyí tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, yóò sì mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Irú ariwo wo ni?

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí bíréèkì wá ń ha díẹ̀ láàárọ̀, díìsìkì ló dógùn-ún fẹ́ẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì bíi ìgbà mélòó kan, yóò dákẹ́. Kò séwu níbẹ̀.

Tó bá ń han gooro ní gbogbo ìgbà, ó ṣeé ṣe kí páàdì ti fẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ páàdì ló ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kó lè máa pariwo tí páàdì bá ti fẹ́lẹ́. Tí ohun tó kù lára rẹ̀ kò bá ju mìlímítà 3 lọ, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá wá ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin, páàdì ti tán nìyẹn, díìsìkì ló sì ń jẹ. Kí ọkọ̀ náà má rìn mọ́.

Táyà wo ló ń dì?

Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń dì máa ń wúwo, epo rẹ̀ máa ń yára tán, ó sì lè máa rùn bí nǹkan tó ń jó. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí awakọ̀ na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ni kó fura sí. Kó má da omi tútù sí i o: díìsìkì tó gbóná lè tẹ̀ tàbí kó sán.

Tó bá tutù, kó wa ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kó ki òkúta bọ ìdí àwọn táyà yòókù, kó fi jáàkì gbé e, kó sì fi irin ìdúró tì í. Jáàkì nìkan kò tó. Kó fi jíà sí nútírà, kó wá fọwọ́ yí táyà. Tó bá ń ha fẹ́ẹ́rẹ́, kò burú. Tí kò bá fẹ́ yí, wàhálà wà.

Kó tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà díẹ̀. Tí omi bíréèkì bá tú jáde, tí táyà sì yí wẹ́rẹ́, omi ló há sínú rọ́bà bíréèkì tí kò rọ́nà padà. Tó bá ṣì dì, píìnì kálípà ló gbẹ tàbí písítìn ló há. Kó dè é padà pinpin.

Àtúnṣe

Píìnì tó gbẹ ṣeé ṣe nílé: kí wọ́n nu gírísì àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi gírísì bíréèkì sí i. Epo ẹ́ńjìnnì máa ń wú rọ́bà, kò dáa. Gírísì kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú páàdì tàbí díìsìkì. Kí wọ́n fi wáyà so kálípà rọ̀, kó má fi rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Rọ́bà tó bàjẹ́ àti písítìn tó há, mẹkáníìkì ló ni wọ́n.

Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi ṣeré ni pé bíréèkì tó ń dì máa ń mú omi rẹ̀ gbóná. Òṣùwọ̀n DOT 3 ní kí omi bíréèkì tuntun má hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lè hó ní nǹkan bíi 140°C. Tó bá hó nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn rì dé ilẹ̀ ni, ọkọ̀ kò ní dúró.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kó tó sún ọkọ̀ kúrò lójú kan. Tí kò bá le, kó má gbé e jáde.