Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn Lábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: Màlúù Ló Kọ́kọ́ Rí Dókítà

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abúlé olóko ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí. Ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ ni àwọn Àwórì ibẹ̀ ń sìn. Òkè Ọya ni màlúù ti ń wá. Màlúù òkè Ọya yìí sì ni ìjọba torí rẹ̀ gba dókítà ẹran.

Eṣinṣin tsetse ni kò jẹ́ kí màlúù Fúlàní pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àrùn tí eṣinṣin yìí ń tàn máa ń mú kí ẹran rù títí yóò fi kú, àfi irú mùtúrù kúkúrú aláìníké tó lè fara dà á. Nítorí náà, fún pípa ni wọ́n ń da màlúù wá sí Èkó. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ojú irin tó gba Agége kọjá dé Kánò ní nǹkan bí 1911, àwọn mìíràn ń wọkọ̀.

Àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ló ń ba ìjọba lẹ́rù jù: ibà, egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru, lẹ́yìn náà ikú. Ó run agbo ẹran ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní àyíká 1890, ó sì tún jà ní 1913 sí 1914. Bí màlúù bá kú, jàǹgàlì, owó orí ẹran tí àwọn Fúlàní ń san, dín kù nìyẹn. Awọ tó ń lọ sókè òkun náà dín kù. Ní 1914, wọ́n dá ẹ̀ka ìtọ́jú ẹran sílẹ̀ ní òkè Ọya. Ní 1924, wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò Vom nítòsí Jos.

Omi ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti ja àrùn náà là ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún fún ẹran, pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ èyí tó ń ṣàìsàn. Ewu wà níbẹ̀, torí àrùn gidi ni. Nígbà tó yá, wọ́n lo fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gbé gba ara ewúrẹ́ léraléra títí ó fi rọ̀, ọgbọ́n tí dókítà ẹran J. T. Edwards fi lọ́lẹ̀ ní Íńdíà.

Ewúrẹ́ gba màlúù là, àìsàn tirẹ̀ kò tètè rí olùtọ́jú. Wolé-wolé tó ń yẹ ẹran wò lọ́jà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀. Ìparí 1952 ni lùkúlùkú adìẹ, tí wọ́n ń pè ní Newcastle, tó wọ àkọsílẹ̀ àwọn dókítà n'Ìbàdàn. Kàtá, tó ń da ikun àti ìgbẹ́ gbuuru sí ewúrẹ́ lára, di 1967 kí àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Ó wá hàn pé ìbátan rinderpest ni.

Ní 2011, àgbáyé kéde pé rinderpest ti tán. Kàtá ni wọ́n dojú kọ báyìí, wọ́n sì fẹ́ pa á rẹ́ tó bá fi máa di 2030. Nigeria 75/1, ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára kàtá tí wọ́n ń lò jù, ti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára ewúrẹ́ Nàìjíríà ní 1975 wá.