Wíwọn dráífà àti wúùdù gọ́ọ̀fù mọ́ ẹni

Wíwọn dráífà àti wúùdù mọ́ ẹni ni iṣẹ́ dídán igi gọ́ọ̀fù wò lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa lò ó, kí wọ́n lè yan orí, ọ̀pá àti ìdìmú tó bá ara rẹ̀, agbára rẹ̀ àti ìgbá rẹ̀ (bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù) mu. Dráífà ni wọ́n fi ń ṣí ihò gígùn láti orí tíì, ìyẹn èèkàn kékeré tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé. Àwọn wúùdù ló tẹ̀lé e ní gígùn. Wọ́n wúlò lórí tíì, wọ́n sì wúlò nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà nílẹ̀ lórí koríko. Igi méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, tí owó wọn sì dọ́gba, lè gbé bọ́ọ̀lù dé ibi tó jìnnà síra lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí ọ̀kan bá bá ìgbá rẹ̀ mu tí èkejì kò sì bá a mu. Ìyàtọ̀ yìí ni iṣẹ́ wíwọn ń wá.

Ẹ̀yà igi àti ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Orí igi ló ń kan bọ́ọ̀lù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò lára rẹ̀ ni bí ojú rẹ̀ ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó. Ojú ọ̀pọ̀ dráífà dàgẹ̀rẹ̀ láàárín dígírì 8 sí 12. Ti wúùdù kẹta (wúùdù nọ́ńbà 3) máa ń tó 15, ti ìkarùn-ún ń lọ sí 18, ti ìkeje sì wà ní àyíká 21. Ọ̀pá ní gígùn, ìwúwo àti líle. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sàmì sí líle rẹ̀: L ló rọ̀ jù, A tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà R, S àti X tó le jù. Kò sí òṣùwọ̀n kan tó so gbogbo ilé iṣẹ́ pọ̀ lórí àwọn lẹ́tà yìí, nítorí náà R ti ilé iṣẹ́ kan lè le tó S ti òmíràn. Ìdìmú ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sanra bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe tóbi tó.

Àgbẹ̀ tó ń ra ọkọ́ ní Ìkọ̀lé tàbí Ìdó ní Èkìtì mọ̀ pé ẹ̀rúkọ́ tó rọ ẹni kúkurú lọ́rùn yóò dá ẹ̀yìn ẹni gíga lóró. Ìlànà kan náà ló wà nínú igi gọ́ọ̀fù, àfi pé ìyára ìgbá tún wọ̀ ọ́. Nítorí èyí ni wíwọn gíga ènìyàn àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀ fi jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán. Ẹni méjì tí gíga wọn dọ́gba lè nílò igi tó yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ọ̀kan ń rọra gbá, èkejì sì ń fi gbogbo agbára gbá.

Bí ìdánwò ṣe ń lọ

Ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn igi mọ́ máa ń kọ́kọ́ na ara, á sì gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ títí ara yóò fi yá. Lẹ́yìn èyí, igi tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni yóò fi gbá. Àbájáde igi àtijọ́ yìí ni ìpìlẹ̀; láìsí i, kò sí ohun tí wọ́n lè fi díwọ̀n igi tuntun. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan: bí wọ́n bá pààrọ̀ orí, ọ̀pá yóò wà bó ṣe wà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, wọn kò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ tó ń tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ló ń kọ iye sílẹ̀. Àwọn kan ń lo rédà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ TrackMan ti orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, sọ di olókìkí. Àwọn mìíràn ń lo kámẹ́rà tó ń ya àwòrán lọ́nà tó yá kánkán. Wọ́n ń ka ìyára orí igi, ìyára bọ́ọ̀lù, igun tí bọ́ọ̀lù fi gbéra, bó ṣe ń yí sẹ́yìn lójú òfuurufú, àti ibi tó balẹ̀ sí. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹfun tàbí pàúdà tí wọ́n fi pa ojú igi ṣì ń sọ òtítọ́ púpọ̀, nítorí pé yóò fi ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan igi hàn kedere. Bọ́ọ̀lù tó kan òkè ojú dráífà máa ń gbéra sókè jù, kì í sì í yí púpọ̀. Èyí tó kan ìsàlẹ̀ ń gbéra nílẹ̀, ó sì ń yí gan-an.

Bọ́ọ̀lù kan tó dára jù lọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ń wo bí gbogbo bọ́ọ̀lù ṣe ṣùjọ sí: bí wọ́n ṣe jìnnà tó lápapọ̀, àti bí wọ́n ṣe fọ́n sí ọ̀tún àti òsì. Igi tó ju bọ́ọ̀lù kan jìnnà, tó wá sọ mẹ́ta sínú igbó, ń gba àmì ayò lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ni.

Igun ìgbéra, ìyípo àti ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí

Orí igi àti bọ́ọ̀lù kì í wà papọ̀ ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Láàárín àkókò kékeré yìí ni ohun mẹ́ta tó ń pinnu jíjìn ti parí: ìyára bọ́ọ̀lù, igun ìgbéra àti ìyípo sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi ìyára orí igi pín ìyára bọ́ọ̀lù, dráífà tó bọ́ sí àárín ojú yóò fúnni ní iye tó sún mọ́ 1.5, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkè téńté rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí èyí púpọ̀ kò nílò agbára púpọ̀ sí i. Ó nílò igi tí yóò jẹ́ kó máa rí àárín. Igi kúkurú díẹ̀ sábà máa ń ṣe èyí.

Tábìlì àtijọ́ kan tí TrackMan gbé jáde lórí àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ igun dáadáa. Nínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin PGA Tour ń fi dráífà gbá ní ìyára máìlì 113 ní wákàtí kan. Bọ́ọ̀lù wọn ń gbéra ní dígírì 10.9, ó ń yí ní ìgbà 2,686 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń fò ní yáàdì 275. Àwọn obìnrin LPGA ń gbá ní máìlì 94. Ti wọn ń gbéra ní dígírì 13.2, ó ń yí ní ìgbà 2,611, ó sì ń fò ní yáàdì 218. Àṣírí ibẹ̀ ni pé nígbà tí igi bá kan bọ́ọ̀lù, orí igi àwọn ọkùnrin ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ ní dígírì 1.3, ti àwọn obìnrin sì ti ń gòkè ní dígírì 3. Ẹni tí ìyára rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù ga kó tó lè jìnnà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìyára wọn kò tó ti àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ra dráífà onídígírì 9 nítorí pé òun ni wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn akọni orí tẹlifíṣọ̀n. Onídígírì 12 ì bá gbè wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀lù tó ń yí jù máa ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, á sì já lulẹ̀ láìyí síwájú. Èyí tí ìyípo rẹ̀ kéré jù á sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó yẹ kó dé. Ilẹ̀ náà ní ohun tí yóò sọ sí i. Ní àríwá Èkìtì, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé àti Ìdó, ilẹ̀ máa ń gan lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, koríko á sì gbẹ. Bọ́ọ̀lù tó bá rìn nílẹ̀ níbẹ̀ yóò yí síwájú púpọ̀. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ títí, ilẹ̀ á rọ̀, gbogbo ọ̀nà ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fò. Ẹni tí wọ́n wọn dráífà mọ́ ní oṣù kìíní, tí kò sì sọ pé òun ń gbá lásìkò òjò pẹ̀lú, lè gba igi tó fò rẹlẹ̀ jù. Gíga ilẹ̀ Èkìtì, tó ju mítà 250 lọ sí òkè òkun níbi púpọ̀, ń mú kí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti etíkun Èkó lọ, ṣùgbọ́n àfikún jíjìn tí èyí ń mú wá kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ojú igi tó bá ẹni mu.

Àríyànjiyàn lórí líle ọ̀pá

Orí kókó yìí ni àwọn onímọ̀ kò ti fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń sọ ní ilé ìtajà láti ìgbà pípẹ́ ni pé ọ̀pá tó rọ̀ ń fi kún ìyára, àti pé ọ̀pá tó le ń mú bọ́ọ̀lù lọ tààrà. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú àwọn agbágọ́ọ̀fù rí i pé, bí wọ́n bá pa gbogbo ènìyàn pọ̀, líle ọ̀pá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìyára orí igi padà. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ lè bo ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀: ó dà bí ẹni pé ọ̀pá kan náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ó sì ń fa àwọn mìíràn sẹ́yìn, nítorí pé ara ń yí ìgbá padà gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀pá lára. Ohun tó dájú jù ni pé ìwúwo ọ̀pá àti gígùn rẹ̀ ṣe pàtàkì, àti pé lẹ́tà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò tó láti fi yàn án láìdán an wò.

Wúùdù

Láti orí koríko ni kí wọ́n ti dán wúùdù wò, kì í ṣe láti orí tíì nìkan. Bí ẹnì kan kò bá lè gbé wúùdù kẹta kúrò nílẹ̀, ìkarùn-ún tàbí ìkeje ni kó mú.

Òfin

USGA ti Amẹ́ríkà àti R&A ti St Andrews ló ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju igi 14 lọ wọ ìdíje. Orí dráífà kò gbọ́dọ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 460, igi kankan yàtọ̀ sí pọ́tà (igi tí wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò) kò sì gbọ́dọ̀ gùn ju ínǹṣì 48 lọ. Láti oṣù kìíní 2022, àwọn tó ń ṣètò ìdíje àwọn ọ̀gá lè dín gígùn yìí kù sí ínǹṣì 46. Àwọn dráífà òde òní tí wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí ọrùn wọn padà bófin mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré kò gbọ́dọ̀ yí i padà kí eré tó parí. Ó yẹ kí ẹni tó ń wọn igi mọ̀ pé yíyí ọrùn láti fi kún ìdàgẹ̀rẹ̀ sábà máa ń pa ojú igi dé díẹ̀, èyí tó ń ran ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún lọ́wọ́.

Ìtàn, àti bó ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo igi gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń ṣe mọ́ ẹni. Ní 1502, Ọba James Kẹrin ti Scotland ra igi lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ọrun ní ìlú Perth. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, igi pásímọ́nù láti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń gbẹ́ orí dráífà. Igi yìí àti igi dúdú tó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ ìbátan, Diospyros ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko pe àwọn méjèèjì. USGA fàyè gba ọ̀pá irin ní 1924, R&A sì tẹ̀lé e ní 1929. Ọ̀pá irin ló mú kí ilé iṣẹ́ lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi tó jọra, bẹ́ẹ̀ sì ni wíwọn igi mọ́ ẹni ṣe lọ sílẹ̀. Gary Adams dá ilé iṣẹ́ TaylorMade sílẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú dráífà olórí irin. Ilé iṣẹ́ Callaway gbé dráífà Big Bertha jáde ní 1991, ó sì tẹ̀lé e pẹ̀lú Great Big Bertha onítàìténíọ̀mù ní 1995. Orí ńlá tí ìwúwo rẹ̀ ṣeé pín kiri, àti ọrùn tó ṣeé yí, ló dá iṣẹ́ wíwọn padà.

Àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn ló mú gọ́ọ̀fù wọ Nàìjíríà. Ikoyi Club 1938 ní Èkó àti pápá Ìkẹjà àti ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Fún ẹni tó ń gbé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó tó bá Èkìtì pààlà, jẹ́ pápá oníhò 18 tí ọkọ̀ lè gbé e dé kí ó sì padà lójúmọ́ kan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kádì (ẹni tó ń ru igi fún agbágọ́ọ̀fù), tí wọ́n sì fi igi tí ẹlòmíràn ti lò kọ́ eré náà. Títí dòní, igi tókunbọ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní tuntun. Èyí ló mú kí wíwọn ṣe pàtàkì níbí ju ibi tí wọ́n ti ń ra igi tuntun lọ. A lè fi téèpù sí abẹ́ ìdìmú kó lè sanra sí i. A lè fi òjé pẹlẹbẹ lẹ orí kó lè wúwo. A sì lè gé ọ̀pá tó gùn jù. Ọ̀pá tí wọ́n gé ń le sí i díẹ̀, orí rẹ̀ sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ di igi náà mú ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, kó fi ẹfun pa ojú rẹ̀, kó sì gbá a fún ìgbà bíi mélòó kan. Bí àmì bọ́ọ̀lù bá wá ń ṣùjọ sí àárín ojú igi, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà ni kí wọ́n fi díwọ̀n ibi tí wọn yóò gé e dé.