Ìkùukùu Òkè Fuji àti Afẹ́fẹ́ tí Ojú Kò Rí

Òpìtàn tó bá di fótò mú sábà máa ń béèrè ohun tó hàn nínú rẹ̀. Àwọn fótò tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín yàtọ̀: ohun tí kò hàn ni wọ́n torí rẹ̀ yà wọ́n.

Òkè Fuji ní ilẹ̀ Jàpáánì ga tó mítà 3,776. Òkè oníná ni. Ọdún 1707 ni ó bú gbẹ̀yìn. (Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí etí wa: Síkírù Àyìndé Barrister sọ pé lára ìwé ìpolówó òkè yìí, ní pápákọ̀ òfurufú kan, ni òun ti rí orúkọ tí òun fún orin fújì.) Ó pẹ́ tí àwọn ará ẹsẹ̀ òkè náà ti ń wo orí rẹ̀. Bí ìkùukùu bá dé e bí akẹtẹ̀, wọ́n á ní òjò ń bọ̀.

Abe Masanao, ìjòyè tó kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ló sọ wíwò yìí di iṣẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó kọ́ ilé ìwòye sí Gotemba, ó sì ń ya ìkùukùu òkè náà fún nǹkan bí ọdún 15. Fótò nìkan kò tó o. Ó lo fíìmù pẹ̀lú, ó ń yà á ní ẹyọ ẹyọ, tí wákàtí púpọ̀ fi di ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó.

Nínú fótò kan ṣoṣo, akẹtẹ̀ òkè náà dà bí ohun tí a gbé kalẹ̀. Fíìmù ló tú àṣírí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ní omi lára ń gun òkè, ó ń tutù, omi inú rẹ̀ ń di ìkùukùu. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, ó tún ń móoru, ìkùukùu á sì pòórá. Etí kan ń hù bí etí kejì ti ń yọ́. Ìkùukùu dúró, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò sì purọ́, torí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣáájú òjò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí ní ààlà, ìgbà ló sì pa á. Nígbà ooru, ọ̀rinrin òkun máa ń bo òkè náà lójú fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ líle tó gbẹ bí ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn. Orí òkè á mọ́ kedere, inú ayafótò á sì dùn. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń gun òkè, ó ń já wálẹ̀, ó ń yí bí odò tó kọlu àpáta, àmọ́ kò ní omi tí yóò fi hàn.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni 5 Oṣù Kẹta, 1966. Ọkọ̀ òfurufú BOAC kan gbéra ní Tokyo, ó ń lọ Hong Kong, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Afẹ́fẹ́ fọ́ ọ sójú ọ̀run. Gbogbo èèyàn 124 inú rẹ̀ ló kú. Nínú àwókù ni wọ́n ti rí kámẹ́rà fíìmù èrò kan. Àwòrán inú rẹ̀ ń lọ déédéé, ó wá fò lójijì. Àwọn olùwádìí sì kà á mọ́ ẹ̀rí ìgbà tí afẹ́fẹ́ náà kọlu ọkọ̀.