Yíyọ ajubọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré kúrò lórí òkìtì

Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ajubọ́ọ̀lù ni ẹni tó máa ń dúró sórí òkìtì kékeré àárín pápá, tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí onígi, ìyẹn ẹni tó mú igi dání láti gbá a. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ajubọ́ọ̀lù tó fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ìgbà wo ló yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá yọ ọ́, kó fi arọ́pò síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí wà lára èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń bá ara wọn fà jù ní Amẹ́ríkà, Jàpáànù àti Kúbà.

Òfin

Ìpinnu náà kò ní àtúnṣe, òun ló mú kó gbóná. Ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ti yọ kò gbọdọ̀ padà sórí òkìtì lọ́jọ́ náà mọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń rìn wọ pápá lọ bá a, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo òǹwòran ń wò. Bó bá fọwọ́ kan apá ọ̀tún, arọ́pò tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù ló ń pè. Bó bá kan ti òsì, ọlọ́wọ́ òsì ló ń bọ̀. Ajubọ́ọ̀lù á fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, á sì kúrò lórí pápá.

Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lọ bá ajubọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú abala kan, dandan ni kó yọ ọ́. Láti ọdún 2020, nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, arọ́pò gbọ́dọ̀ kojú onígi 3, ó kéré tán, àfi bí abala bá parí tàbí bí ó bá ṣèṣe. Abala 9 ni eré kan ní. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí 5 kí wọ́n tó lè kọ ìṣẹ́gun sí orúkọ rẹ̀, ìdí nìyí tí yíyọ ní abala karùn-ún gan-an fi máa ń dun ajubọ́ọ̀lù wọra.

Ìtàn àti pàtàkì rẹ̀

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ náà ló ń parí. Láàárín ọdún 1901 sí 1906, Jack Taylor bẹ̀rẹ̀ eré 187 léraléra, gbogbo rẹ̀ ló sì parí. Cy Young, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì-ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù lọ́dọọdún, parí eré 749 kó tó fẹ̀yìn tì. Ní 2 Oṣù Keje 1963, ní San Francisco, Juan Marichal ọmọ ọdún 25 àti Warren Spahn ọmọ ọdún 42 kojú ara wọn títí wọ abala kẹrìndínlógún. Marichal ju bọ́ọ̀lù 227, Spahn ju 201, kí Willie Mays, ará ẹgbẹ́ Marichal, tó gbá ọ̀kan kọjá ògiri tí eré fi parí sí 1–0.

Apá ènìyàn ló fa àyípadà náà. Ní 1974, iṣan ìgúnpá ajubọ́ọ̀lù Tommy John já. Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá rẹ̀ kejì, ó fi rọ́pò èyí tó já, John sì padà sórí òkìtì ní 1976. Iṣẹ́ abẹ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan ń jù, débi pé bó bá ti ń sún mọ́ 100, arọ́pò á ti máa na apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ní 2022, eré 6 péré ni ajubọ́ọ̀lù Sandy Alcantara parí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó tó o lọ́dún náà nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní 19 Oṣù Karùn-ún 2018, Kevin Cash, akọ́nimọ̀ọ́gbá Tampa Bay Rays, ní kí Sergio Romo bẹ̀rẹ̀ eré kó sì ṣe abala kìíní nìkan. Romo lé onígi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù.

Alẹ́ mẹ́rin

Àpẹẹrẹ mẹ́rin ni àwọn olólùfẹ́ sábà máa ń fà yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbè sẹ́yìn ìhà ọ̀tọ̀.

Ní 27 Oṣù Kẹwàá 1991, nínú eré keje tó parí World Series, ìdíje ife líìgì ńlá Amẹ́ríkà, Minnesota àti Atlanta ò tíì rí ayò kankan lẹ́yìn abala 9. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Minnesota, Tom Kelly, ti fẹ́ yọ Jack Morris. Morris kọ̀ jálẹ̀, ó padà wá ṣe abala kẹwàá, Minnesota sì gba ife pẹ̀lú ayò 1–0.

Ní 16 Oṣù Kẹwàá 2003, ní New York, Boston Red Sox ń na Yankees 5–2 ní abala kẹjọ. Pedro Martinez, ọmọ Dominican Republic, ló wà lórí òkìtì fún Boston, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Derek Jeter ti Yankees gbá bọ́ọ̀lù, Bernie Williams tẹ̀ lé e, ayò di 5–3. Grady Little, akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston, jáde lọ bá Martinez, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Hideki Matsui gbá, Jorge Posada gbá, ó di 5–5 kí Little tó yọ ọ́. Bọ́ọ̀lù 123 ni Martinez ti jù. Ní abala kọkànlá, Aaron Boone gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, Boston lọ sílé. Kí oṣù náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Little.

Ní 1 Oṣù Kọkànlá 2007, ní Nagoya, Daisuke Yamai ti ṣe abala 8 láìjẹ́ kí onígi Nippon Ham kankan fẹsẹ̀ kan bèèsì, ìyẹn ibùdó tí onígi máa ń sá dé. Hiromitsu Ochiai, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, yọ ọ́, ó fi Hitoki Iwase síbẹ̀. Iwase lé àwọn mẹ́ta tó kù, Chunichi Dragons borí 1–0, wọ́n sì gba ife tí wọn ò gbà láti 1954. Ochiai ṣàlàyé pé awọ ìka Yamai ti bó. Àlàyé náà kò pa iná ọ̀rọ̀ ní Jàpáànù.

Alẹ́ kẹrin ni 27 Oṣù Kẹwàá 2020, ní Arlington, Texas, nínú eré kẹfà World Series. Blake Snell ti Rays ń da Los Angeles Dodgers láàmú. Ẹni 9 ló ti lé padà tí wọn ò rí bọ́ọ̀lù gbá, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní bèèsì lọ́fẹ̀ẹ́. Mookie Betts, Corey Seager àti Justin Turner, àwọn onígi Dodgers, ti kojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, igi wọn kò mú nǹkan kan jáde. Rays ń borí 1–0. Ní abala kẹfà, Austin Barnes gbá èyí tó jẹ́ ìkejì péré tí Dodgers rí gbá dé bèèsì. Bọ́ọ̀lù 73 ni Snell ti jù nígbà tí Cash rìn jáde. Snell rí i tó ń bọ̀, ìbànújẹ́ sì hàn lójú rẹ̀.

Nick Anderson rọ́pò rẹ̀. Betts gbá bọ́ọ̀lù títí dé bèèsì kejì. Bọ́ọ̀lù Anderson ṣìnà, Barnes sáré wọlé. Seager gbá jẹ́jẹ́ sílẹ̀, Betts náà wọlé. Eré parí sí 3–1, Dodgers gba ife àkọ́kọ́ wọn láti 1988.

Ọ̀rọ̀ ìgbà kẹta

Cash kò déédéé ṣe é. Onígi 9 ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹgbẹ́. Snell ti kojú 18 géérégé, Betts ni yóò jẹ́ ẹnì kọkàndínlógún, ìyẹn ni pé ìgbà kẹta fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Cash sọ lẹ́yìn eré pé òun kò fẹ́ kí Betts àti Seager rí Snell lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé tí Tom Tango, Mitchel Lichtman àti Andrew Dolphin kọ, The Book, ló sọ èrò yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: bí onígi bá ṣe ń pàdé ajubọ́ọ̀lù kan náà sí i lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ló ń rọrùn fún un láti gbá a.

Pé agbára ajubọ́ọ̀lù ń dínkù bí eré ṣe ń lọ kò fa àríyànjiyàn púpọ̀. Ohun tó fà á ni wọn ò fẹnu kò lé lórí. Lichtman gbà pé ojú onígi tó ti mọ́ bọ́ọ̀lù náà ló ṣe kókó, kì í ṣe àárẹ̀. Ní 2023, Ryan Brill, Sameer Deshpande àti Abraham Wyner gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé díẹ̀díẹ̀ ni ìdínkù náà ń wá, pé ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ sí fún ọ̀gbun kan tí ajubọ́ọ̀lù ń jìn sí gẹ́lẹ́ tí ìgbà kẹta bá bẹ̀rẹ̀. Bí tiwọn bá tọ̀nà, ẹnì kọkàndínlógún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹnì kejìdínlógún, ó kàn jẹ́ pé Betts mọ̀ ọ́n gbá ju Barnes lọ. Ó sì yẹ ká rántí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá lọ́jọ́ náà nìkan ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó dé ìgbà kẹta, èyí tó mú kó ṣòro láti fi ìṣirò gbogbo eré dájọ́ alẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gbèjà Cash di ìṣirò mú. Àwọn tó ń bá a wí ní ojú lásán ti tó láti rí ohun tí Snell ń ṣe lálẹ́ náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé eré náà, wọ́n kéde Cash ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ọdún ní American League. Kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dìbò náà.

Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn

Ní Havana, ní Kúbà, ibùdó àríyànjiyàn bésíbọ́ọ̀lù wà nínú Parque Central. Esquina Caliente, igun gbígbóná, ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọkùnrin máa ń pé jọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, wọn á na ìka síra wọn lójú, ohùn á ròkè, ọ̀pọ̀ á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò tó bá ń kọjá á rò pé ìjà ti dé, bẹ́ẹ̀ eré àná ni wọ́n ń tún ṣe.