Kí Ni À Ń Pe Ìsoríkọ́? Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nínú Ìtàn Aro



Ní ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì, oorun dá lójú mi. Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí, n óò sì jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ìwé tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé n óò parí bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, n kò lè ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n wo ibà, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n wo ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ò ju “ara mi ò yá, orí ń fọ́ mi” lọ, ohun tí mo sọ náà ni wọ́n sì ń tọ́jú. Nígbà kẹrin, dókítà obìnrin kan tó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi ló bá mi lò. Ó ní, “Bàbá, kí ló máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ tí kò dùn mọ́ yín mọ́?” N kò rí èsì fún un. Ẹkún ni mo bú sí. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ìtọ́jú mi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, n kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn tí mo bá pàdé nìyí.

Ní 1953, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ, òyìnbó tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Nairobi. Ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà. Ó tilẹ̀ fi bí ọpọlọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́ wé ti ará Yúróòpù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níwájú ọpọlọ. Ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ, bí a bá yọ èdè oníwèé kúrò níbẹ̀, ni pé a kì í ronú jinlẹ̀ tó ẹni tí ìbànújẹ́ lè dá wó.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ń jẹ́ Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Wọ́n bí i ní 1923, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní London. Ohun tó bá nílẹ̀ kò wúni lórí. Ilé tí ìjọba amúnisìn ṣí ní Yábàá ní 1907 fara jọ ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ: ká ti aláìsàn mọ́lé kí ìgboro lè sinmi. Lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe mìíràn náà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, ẹgba náà wà níbẹ̀. A ò ní torí pé tiwa ni ká sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára.

Ilé ìwòsàn Aro ò tíì parí nígbà náà. Lambo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí i ká lọ. Ó ní kí aláìsàn wá gba yàrá sí ilé wọn, kí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Tí ó bá dalẹ́, wọ́n á padà sáàárín àwọn èèyàn. Ẹni tó bá lókun nínú á bá wọn dé oko. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan mọ́ra pẹ̀lú, nítorí wọ́n gbọ́ èdè aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kókó kan kún un. Ní 1954 yẹn, kò tíì sí hóró oògùn kan tí wọ́n mọ̀ mọ ìsoríkọ́ ní pàtó. Ní Switzerland ni Roland Kuhn ti ṣàkíyèsí ohun tí imipramine ń ṣe fún àwọn tí ìsoríkọ́ mú, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1957. Wọ́n ní ìtọ́jú mìíràn ní Aro, iná mànàmáná tí wọ́n ń fi sí ọpọlọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wíwà pẹ̀lú èèyàn jẹ́ ara ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò kà á sí àánú lásán.

Ní 1961, Alexander Leighton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wá bá Lambo ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo àìsàn yìí pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka àwọn àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ẹkún, kí nǹkan má wu èèyàn í ṣe mọ́, àwọn ará abúlé mọ̀ wọ́n dáadáa. Àìsàn náà wà, orúkọ àpapọ̀ ni ò sí.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ fọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wa sí wẹ́wẹ́ bí mo ṣe kọ́ yín. Ìbànújẹ́: ba inú jẹ́. Ìsoríkọ́: so orí kọ́. Inú, orí, ọkàn, àyà: ara ni èdè wa fi ń ro ẹ̀dùn. Ní 1987, Roger Makanjuola kọ̀wé nípa ohun tí àwọn aláìsàn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí: nǹkan ń rìn kiri nínú orí, etí ń hó, oorun ò wá. Kì í ṣe ìsoríkọ́ nìkan ló wà lábẹ́ orúkọ yẹn, àníyàn náà wà níbẹ̀. Àmọ́ dókítà tí kò bá gbọ́ èdè, oògùn ẹ̀fọ́rí ni yóò fún ọlọ́dẹ orí, tí yóò sì ní kó máa lọ sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo gbọ́ èdè méjèèjì.

Ewu kejì wà nínú ọ̀rọ̀ “ìbànújẹ́” fúnra rẹ̀. Ìbànújẹ́ máa ń ní ìdí, ó sì máa ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ń sọ fún mi pé, “Prof, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn.” Wọn ò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ pé kó gbé ibà kúrò lọ́kàn?

Èyí tó burú jù ni ohun tí a fi orúkọ ibi ìwòsàn ṣe. A sọ Aro di èébú: “Ẹ gbé e lọ Aro.” A sọ Yábàá di ẹ̀fẹ̀. Òfin ìlú náà ò yàtọ̀. Láti 1916 ni òfin tó ń pe aláìsàn ní wèrè ti wà, oṣù January 2023 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun. Ibi tí wọ́n ti kọ́ gbogbo ayé pé a kì í ti aláìsàn mọ́lé nìkan, òun la fi ń dẹ́rù ba ara wa. Ẹni tí ìsoríkọ́ bá mú á wá máa bẹ̀rù orúkọ ju àìsàn lọ.

Oògùn tí wọ́n fún mi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mí. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kò ní ṣiṣẹ́ lójijì, pé n kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi bí ara bá ti yá. Mo tún ń lọ bá ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n jókòó nìkan láàárọ̀. A ó jọ rìn dé ọ̀nà ọjà, a ó padà. Òun ò mọ Lambo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe fún ọmọ ní abúlé Aro ló ń ṣe fún mi.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìsoríkọ́, ká sì pè é ní àìsàn. Bí oorun, oúnjẹ àti ohun tó ń dùn mọ́ yín bá ti sá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má sì dúró lórí “orí ń fọ́ mi” bí mo ti ṣe. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ayé ti sú òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ro ikú, kí ẹ sì bá a débi ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ti padà sídìí ìwé mi. Orí kẹta ni mo wà. Àwọn ọjọ́ kan ṣì máa ń wúwo, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́.

Ire o.